Aṣọ Ìbora Tí Ó Ń Dúró De Òrùlé

Iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ilé gbogbo, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ọ̀kan a máa pariwo, èkejì a máa dákẹ́. Páànù tí ó ń jò a máa pariwo, nítorí pé bí baálé ilé kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́, omi tí ń kán sí i lójú ní òru yóò jí i dìde. Ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ férémù rẹ̀, páìpù tí ó bẹ́, wáyà iná tí ń ta pàrà, gbogbo wọn ni ó ní ohùn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ti gé tí a kò rán tán, tí a dì sínú àpótí, kò ní ohùn kankan. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má bèèrè rẹ̀. Nípa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, níbi tí iṣẹ́ tí ń pariwo kì í tán. Èrò tiwa, kí a sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀, ni pé kí aṣọ náà má ṣe dúró de ilé mọ́.

Aṣọ tí a ní lọ́kàn ni aṣọ ìbora onírépé. Ìrépé àǹkárá, àdìrẹ, léèsì àti òfì tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a rán ẹ̀wù tán ni a ń gé ní ìwọ̀n kan náà, tí a ń rán pọ̀ ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀ títí yóò fi tó bo ibùsùn. A ó tẹ́ aṣọ tí ó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ já kí wọ́n má baà yà kúrò lára ara wọn. A kò mọ ìlú tí irú ìrépé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí tó Èkó. Ọjọ́ Sátidé kan kò lè kọjá kí a má ṣe ìnáwó, ìnáwó kọ̀ọ̀kan ni ó ní aṣọ ẹbí tirẹ̀, aṣọ ẹbí kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ. Obìnrin tí ó ti ń bá ẹbí àti ẹgbẹ́ ṣe ìnáwó fún ogún ọdún, bí ó bá tú àpò tí ó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, yóò bá ìsìnkú bàbá rẹ̀ níbẹ̀, yóò bá ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, yóò bá ìkómọjáde ọmọ tí ó ti wà ní yunifásítì báyìí.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni a fẹ́ fi aṣọ ìbora ṣe ní Èkó tí ooru ń pa ènìyàn. A gbà pé yìnyín kì í bọ́ lù wá bí ó ti ń bọ́ lu àwọn ará ìlú Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ilé Ajégúnlẹ̀ dáadáa mọ̀ pé ibùsùn níbẹ̀ ju ibi oorun lọ. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ó kọjú sí ara wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là kọjá láàárín, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní. Lórí ibùsùn ni àlejò ń jókòó, lórí rẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, lórí rẹ̀ ni a ti ń ká aṣọ tí a fọ̀. Aṣọ tí ó bo irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba eruku ọ̀nà, òun náà ni ó sì ń sọ fún àlejò irú ilé tí ó wọ̀. Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò bá wà lójú ọ̀run láti òru di ọ̀sán, àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé, yóò bo ọmọ pẹ̀lú. Bùláńkẹ́ẹ̀tì òkèèrè tí ń ti èbúté wọlé dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òwú. Wọn kì í fa òógùn, ẹni tí ó bá sì sùn sábẹ́ wọn ní Ajégúnlẹ̀ yóò jí bí ẹni tí a rì sínú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà àjèjì ni. Òfì tí a ń fi ṣe agbádá, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún. Aránṣọ ni ó ń fi etí kan etí kí ó tó di aṣọ. Ẹ̀kú egúngún ní ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ìrépé lórí ìrépé ni. Bí ọdún ti ń yí ni àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun kún un, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ àwọn aṣọ náà mọ ìtàn ilé náà. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ a máa fi aṣọ tí a ki òwú àràbà sí nínú wọ ẹṣin wọn kí ohun ìjà má baà tètè wọ̀ ọ́ lára. Lífídì ni wọ́n ń pè é. Òwú àràbà kan náà ni a máa ń kì sínú ìrọ̀rí kí fóòmù tó dé. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ni, bí a kò tilẹ̀ fún un ní orúkọ kan pàtó.

Kí wá ni ó ń dá a dúró? Ilé ni. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí jẹ́ ilẹ̀ omi. Ọdún 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté Àpápá, nígbà tí ó sì di ọdún 1926 ọkọ̀ ńláńlá ti ń so mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí ó tọ iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìjọ́, ilẹ̀ Ìgbò àti ilẹ̀ Ùròbò kò rí ààyè ní àdúgbò onígbòóná ọ̀dàn tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀gá; ìhà kejì ni wọ́n kọjá sí, lórí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì dùn ún gbọ́: Ajégúnlẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ti gúnlẹ̀ kí ajé tó dé. Afẹ́fẹ́ tí ń ti ojú òkun fẹ́ ní iyọ̀ nínú, ó sì ń jẹ páànù. Ìpáàrà a máa mú ìṣó kí ó tó mú páànù fúnra rẹ̀, ibi tí ìṣó wà sì ni òjò ti ń kọ́kọ́ wọlé. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, bí a bá sì kùn ún lónìí yóò máa ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ kí ọdún tó yí. Èyí tí ó burú jù ni pé nígbàkúgbà tí a bá tún ọ̀nà ṣe, yanrìn àti òkúta ni a ń dà lé e lórí. Ọ̀nà ń ga sí i, ilé ń rẹlẹ̀ sí i, títí ilé tí bàbá wa gun àtẹ̀gùn méjì wọ̀ yóò fi di ilé tí àwa ń sọ̀kalẹ̀ wọ̀. Nígbà tí òjò ńlá ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 rọ̀, tí ó bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó tí ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn, ẹni tí ilé rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ kò nílò kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òun.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sìmẹ́ǹtì, nítorí pé ibẹ̀ ni owó aṣọ ìbora ń bá lọ. Àwọn àgbà Àpápá kò gbàgbé ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ológun ti pàṣẹ sìmẹ́ǹtì tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ wá tò sójú omi Èkó tí wọn kò rí ibi já ẹrù wọn sí, tí sìmẹ́ǹtì inú òmíràn nínú wọn fi di òkúta. Nítorí irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣí èbúté Tin Can ní ọdún 1977. Ẹ wo bí ayé ti yí: ìlú tí sìmẹ́ǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì nígbà náà ni à ń ra á ní àpò kọ̀ọ̀kan nísinsìnyí bí ẹni ń ra oògùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, lẹ́yìn tí àpò kan ti ju 10,000 náírà lọ ní ibòmíràn, àwọn tí ń ṣe é bá ìjọba àpapọ̀ jókòó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ó máa jẹ́ láti 7,000 sí 8,000. Ìyáálé ilé tí ó fẹ́ fi 7,000 náírà ra aṣọ abẹ́ fún ìbora rẹ̀ mọ ohun tí ọkọ òun yóò sọ.

Lọ́nà ti òfin, kì í ṣe ọrùn ayálégbé ni ó yẹ kí gbogbo ẹrù yìí wà. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ní kí onílé máa tún ara òde ilé ṣe àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Òrùlé wà lára òde ilé. Ohun tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú òfin náà ni pé ó yọ Àpápá sílẹ̀ pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé ó dáàbò bo ayálégbé Ajégúnlẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí ó wà ní Àpápá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí inú yín tètè dùn, ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀. A bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí a mọ̀, a kò sì tíì rí ẹni tí ó fi ìwé òfin yìí mú onílé gun àjà.

Ìyá kan wà ní Olódi-Àpápá tí ó ń ta ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ní ọjà Boundary. Ó yọ̀ǹda fún wa láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ní ọdún 2009 ni ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí àwọn ọmọ pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n kó aṣọ tí ó ṣì lágbára, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ àgbà. Àwọn tí ó ti gbó ni ó kù fún un: kíjìpá kan tí ó ti là ní àárín, àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́ta, onírúurú àǹkárá ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àti ọ̀já ìgbọ́mọpọ̀n kan tí aró rẹ̀ ti ṣá. Ó gé ibi tí ó ṣì dára lára wọn sí ọgọ́rin, ó fẹ́ tò wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́jọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rán ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà náà ni òjò ọdún 2011 dé, owó tí ó ti fi pamọ́ láti ra aṣọ abẹ́ sì di páànù mẹ́rin. Onílé ní kí wọ́n tún òrùlé ṣe, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé. Nígbà tí owó ilé pé, ó gbàgbé. Lẹ́yìn òrùlé, férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn férémù, wọ́n gbé ọ̀nà sókè, ilẹ̀ yàrá sì di ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé sókè pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, wáyà iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó wọn mọ́lé. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ọjà pa, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́.

Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń sọ: “Kí n tún ilé yìí ṣe tán ná.” Ọkọ rẹ̀, tí ó ti ṣiṣẹ́ ẹrù ríru ní èbúté fún ọdún pípẹ́, a máa dá a lóhùn pé, “Ìyá àwọn ọmọ, ta ni yóò máa to àkísà pọ̀ nígbà tí òrùlé ń jò?” A kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò sọ, ó sì dà bí ọgbọ́n. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òrùlé kò ní jò mọ́, ẹni tí ó bá sì ti gbé Ajégúnlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta mọ̀ pé kò sí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó tú u sílẹ̀. Ìyá àgbà yìí wá sí Èkó ní ọdún 2023 láti tọ́jú ojú, ó sì sùn sí Olódi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní alẹ́ kan ó ní kí wọ́n gbé àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n òun wá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọwọ́ ni ó fi ń mọ̀ wọ́n. “Èyí ni ìyá yín ró lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dé Èkó. Èyí ni ẹgbẹ́ wọn dá nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìjọsìn. Ọ̀já yìí ni ó fi pọ̀n ọ́, òun náà ni ó fi pọ̀n èyí tí ó ṣáájú rẹ tí kò dúró.” Ìyá aláta kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí pé ẹnìkan wà tí ó ṣáájú òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì wọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé: nínú ọgọ́rin ìrépé, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àgbà náà sọ ìtàn wọn. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó bi í pé, “Ọmọ mi, ta ni o ń fi wọ́n pamọ́ dè?”

Láti ọ̀la ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣe é, nítorí pé ibẹ̀ ni àǹfààní wà fún ẹni tí ó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé. Kò wá ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀. Ó mú àkókò láti ìgbà tí mọ́sálásí àdúgbò bá pe ìrun Ìṣáà títí di ìgbà tí ìrẹsì bá jinná lórí iná, àkókò tí ó ti jókòó ti ìkòkò tẹ́lẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Fìtílà tí ń gba agbára oòrùn ni ó ń lò nígbà tí kò bá sí iná. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi rán an, ó sì sọ fún wa pé ọwọ́ kò pẹ́ tó bí òun ti rò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ó tó rán, ó tún gbogbo ìrépé náà fọ̀, ó sá wọn sí ibòji kí aró má baà ṣí jáde sí i, ó sì fi àdìrẹ tuntun sínú omi oníyọ̀ ní ọ̀tọ̀ kí ó lè mọ èyí tí yóò pọn aró sára ẹnìkejì rẹ̀. Ó ya èyí tí ó wúwo bí kíjìpá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fẹ́lẹ́, nítorí pé bí a bá rán èyí tí ó wúwo mọ́ èyí tí ó fẹ́lẹ́, èyí tí ó wúwo ni yóò fa èkejì ya. Ó fi páálí gé ìwọ̀n kan ṣoṣo, ó sì ń fi í wọn gbogbo wọn.

Ohun kejì tí ó ṣe ni a fẹ́ràn jù. Ó dín aṣọ náà kù. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí ó ti pinnu ní ọdún 2009 di mẹ́fà, ọgọ́rin ìrépé di méjìdínláàádọ́ta. Ó kọ́kọ́ rí i dájú pé gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ìtàn wọn wà nínú ìwé wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ń kú sínú àpótí nítorí pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fi ojú ọjọ́ tí owó wà wò ó. Nígbà tí ó wá rí i pé kò tó bo ibùsùn mọ́, ọkọ rẹ̀ náà ni ó dìde láìsọ̀rọ̀, tí ó lọ mú ṣòkòtò kakí méjì tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté wá. Wọ́n là wọ́n, wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ yíká. Aṣọ abẹ́ ni aṣọ fèrèsé àtijọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ó rán ojú abẹ́rẹ́ tí ó gbẹ̀yìn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ó gé èkíní. Òrùlé sì ń jò ní igun kan nígbà náà.

Kakí èbúté yẹn mú wa rántí àwọn ènìyàn wa tí òkun gbé lọ. Ní Gee's Bend, ìletò kan ní Alabama ní Amẹ́ríkà, tí àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú ń gbé, obìnrin kan tí ń jẹ́ Missouri Pettway pàdánù ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1942 ó kó aṣọ iṣẹ́ oko tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, ó fi ṣe ìbora kí ó lè máa fi rántí rẹ̀, kí ó sì máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Arlonzia, tí ó ràn án lọ́wọ́, ni ó sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2002 ni a gbé àwọn ìbora ìletò náà kọ́ sí ilé ohun ọ̀nà ní Houston, àti ní Whitney ní New York; ní ọdún 2006 ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí òǹtẹ̀ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni irú ilé tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé pákó ni, afẹ́fẹ́ ń gba àárín pákó wọlé, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń lẹ ògiri nínú kí òtútù lè dínkù. Bí wọ́n bá ní kí ilé dára tán kí wọ́n tó gán ìbora, otútù ì bá ti pa wọ́n. Nítorí pé ilé kò dára ni wọ́n ṣe gán an. Ìbora wà lára àtúnṣe ilé lójú wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò bèèrè èrè. Harriet Powers, tí a bí sí oko ẹrú ní Georgia ní ọdún 1837, ran ìbora kan tí ó fi ìtàn Bíbélì sára rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ òwú ní ìlú Athens ní ọdún 1886. Ẹnìkan fẹ́ rà á, ó kọ̀. Nígbà tí ìnira dé bá ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó fi í lọ ẹni náà ní dọ́là mẹ́wàá, ó sì gba márùn-ún. Owó kékeré ni, ó sì dùn ún. Ó tilẹ̀ padà lọ wò ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á. Ìbora náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Dọ́là márùn-ún yẹn jẹun ní ọjọ́ tí ó yẹ. Aṣọ tí ó wà ní ìrépé nínú àpò kò lè ṣe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀tá mìíràn wà tí kò fẹ́ mọ̀ bóyá a ti tún ilé ṣe tàbí a kò tí ì ṣe é. Nínú ọgọ́rin ìrépé tí ìyá aláta gé, mọ́kànlá ni ó bá tí òólá ti lu, tí ọ̀rinrin sì ti sọ méje di dúdú. Bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n wọ́n ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Òun tìkára rẹ̀ ni ó ka iye wọn fún wa. Nígbà Kérésìmesì ọdún 2024, ó ká aṣọ náà, ó gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí àbúrò ìyá rẹ̀ lè fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà náà jókòó, ó fi ọwọ́ pa á láti etí kan dé èkejì, ó ní ó dára púpọ̀, ó sì bèèrè pé aṣọ ta ni. Wọ́n fi ọ̀já náà hàn án, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí kì í bá ṣe ìwé tí ọmọbìnrin yẹn kọ ní ọdún kan sẹ́yìn, ẹni tí ó ṣáájú ìyá aláta ì bá ti tún padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọ ọjà. Ti àwọn yìí kù díẹ̀ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwé nìkan ti tó, kí a kọ ìtàn sílẹ̀ kí a sì kó ìrépé dànù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ilé-ìwé yẹn ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé náà láti ìgbà tí a ti kọ ọ́, a kò sì tíì gbọ́ pé ìbora tí ó fẹ̀ tó ibùsùn sọnù. Ọmọbìnrin náà ti wá fi òwú funfun ṣe àmì kékeré sí ẹ̀yìn ìrépé kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta, kí àmì náà lè bá ìwé mu. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é fi òwú kọ orúkọ gan-an síbẹ̀, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, ìwé kì í tọ̀ ọ́.

Níti òrùlé igun yàrá náà, onílé ti ṣèlérí. Wọ́n ti gbé ibùsùn kúrò lábẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì gbé korobá sí ibi tí omi ń kán sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá ní àpótí ìyá tí yóò tú, àwọn aránṣọ tí ó wà ní àyíká ọjà Boundary kì í ta ìrépé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbá a jọ pẹ̀lú ìdọ̀tí, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sínú gọ́tà tí òjò yóò wá dí. Ẹ mú àpò dání lọ kí wọ́n tó gbálẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìnáwó tí ó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n.